Kí Ẹ Tó Pa Adìẹ Kan, Ẹ Mọ Ibi Tí Òkú Rẹ̀ Máa Sùn

Adìẹ ẹlẹ́yin 640 ni mo ní ní Ayọ̀bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015. Ọjọ́ Ajé, mo bá mẹ́ta ní òkú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́kànlélógún. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, a ò kà á mọ́. Rédíò ti ń sọ ọ́ nígbà yẹn pé bọ́ọ̀dù fulúù, àrùn tó ń pa adìẹ tó sì lè ran ènìyàn, ti padà dé, pé wọ́n ti rí i ní Kánò, wọ́n sì ti rí i l'Ékòó wa níbí. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tó máa gbà pé òun ló kàn? Mo sọ fún ara mi pé lúkúlúkú ni. Adìẹ tó bá ṣáà ti ń kú, lúkúlúkú là ń pè é nílé wa.

Àwọn ọmọbìnrin méjì kan ládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ adìẹ, wọ́n sì wá bi mí ní ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Wọ́n bi mí nípa fíìdì, nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, nípa iye tí wọ́n ń ta kíréètì ẹyin. Kò sí èyí tó bi mí nínú wọn pé, "Mà, tí gbogbo ẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́, ibo la máa gbé e sí?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi ní 2015. Pípa àwọn tó ṣẹ́kù, kí àrùn náà má bàa tàn, ò gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ. Òkú ni ò tán.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ wo ogbe wọn. Tó bá ń di aró, tí orí wú, tí ẹ̀jẹ̀ ṣù sábẹ́ awọ ẹsẹ̀, tí ẹyin já wálẹ̀ lójijì tàbí tí èèpo rẹ̀ ń rọ̀, tí èyí tó jẹun lánàá sì ti nà gbalaja láàárọ̀ yìí, ẹ ti géètì. Lúkúlúkú gan-an, àrùn tí wọ́n ń pè ní Newcastle, náà lè pa wọ́n bẹ́ẹ̀, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé àyẹ̀wò tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ló máa sọ èwo ni, dókítà ẹran ìjọba ló sì ń gba nǹkan lára adìẹ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ wá a lọ sí káńsù yín tàbí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀. Ẹ má la inú adìẹ kankan fúnra yín láti wo ohun tó pa á. Èmi ṣe é o. Ọ̀bẹ ìdáná, ọwọ́ lásán, lórí pákó tí mo fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́. Ọlọ́run ló kó mi yọ.

Ẹ má tà á, ẹ má sì fi tọrẹ. Ẹnìkan máa wá, mo fi dá yín lójú. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tí mi ò rí rí kan géètì mi, ó ní òun gbọ́ pé mo ní adìẹ "tí ara wọn ò dá," òun á san igba náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtòkú àtààyè. Ó fẹ́ lọ dín in fún àwọn tó ń jókòó sídìí ọtí nírọ̀lẹ́ ni. Ẹran tó bá jiná dáadáa kò ní kòkòrò náà nínú mọ́, òtítọ́ ni, ooru tó bá dé ìwọ̀n 70 lórí Celsius ń pa á. Ṣùgbọ́n ta ló máa tu ìyẹ́ ẹ̀? Ta ló máa kó ìfun ẹ̀? Ibẹ̀ ni ewu wà, kí ẹran tó dé inú epo. Àwọn ẹlẹ́ja àrọ̀ náà máa bẹ̀ yín pé kí ẹ kó o fún àwọn, àwọn á jù ú sínú pọ́ńdì. Ẹ má gbà. Ajá àti ológbò náà ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, àrùn yìí ń pa ológbò.

Kíréètì oníwèé, àpò fíìdì, ìgbẹ́ adìẹ tí àwọn tó ń gbin òdòdó ń wá rà, ọ̀kadà oníbàárà yín: kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wọlé tàbí jáde. Mo gbàgbọ́ pé kíréètì àlòkù ló gbé e wọlé tèmi.

Ìdí mìíràn wà tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba kí ẹ tó pa ohunkóhun. Ní 2006, tí àrùn yìí kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà láti oko kan ní Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìjọba fún àwọn tí wọ́n pa adìẹ wọn lówó gbà-má-bínú. Èyí tí wọ́n bá láàyè tí wọ́n sì kà ni irú owó bẹ́ẹ̀ wà fún. Èyí tí ẹ ti pa lóru tí ẹ ti bò mọ́lẹ̀, ta ni ẹlẹ́rìí yín?

Àwọn tó máa ṣiṣẹ́ náà

Ẹ má pe èrò. Ènìyàn mẹ́rin tó lọ́kàn balẹ̀ tó. Aboyún, ọmọdé, àgbàlagbà, ẹni tó ní ikọ́ fée, wọn ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn. Aládùúgbò tó ń sin adìẹ tiẹ̀ nílé náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó jókòó sílé ẹ̀.

Ófáróòlù, bọ́ọ̀tù òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, gọ́gù tó bo ojú pátápátá, àti ìbòmú N95. Ìbòmú búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà ò lè ṣe é, eruku ìyẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni ooru. Nínú aṣọ yẹn, ní oṣù Kejì l'Ékòó, lábẹ́ páànù, àbúrò mi ọkùnrin dákú láàárín wákàtí kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìdájí, kí ẹ máa jáde síbi tó mọ́ ní gbogbo ìdajì wákàtí láti mumi. Tí ẹ bá ń bọ́ aṣọ náà, ìbọ̀wọ́ ló ń kọ́kọ́ jáde, ẹ fọwọ́, ẹ bọ́ gọ́gù, ìbòmú ló ń kẹ́yìn, ẹ tún fọwọ́. Ẹni tó ti rẹ̀ tó ń wá èémí, ìbòmú ló máa ń kọ́kọ́ já, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́gbin lọ́wọ́. Ẹ yan ẹnìkan tí iṣẹ́ ẹ̀ kò jù kó máa wo àwọn tó ń bọ́ṣọ.

Pípa

Ẹ má fi ọ̀bẹ dú wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ta sílẹ̀ ń tan kòkòrò náà káàkiri ni. Ẹ fi omi wínníwínní wọ́n ilé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, kí eruku lè sùn. Fún adìẹ díẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ọrùn: ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìṣẹ́jú akàn ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ń rẹ̀, ọwọ́ tó bá sì ti rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ ẹran. Ẹ máa gba ara yín lẹ́nu iṣẹ́. Ní tèmi, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú sílíńdà gáàsì kábọ́ọ̀nù dàióksáìdì, wọ́n kó adìẹ sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ọ̀rá tẹ́, wọ́n sì ń tú gáàsì sí i níta gbangba. Níta gbangba ni mo wí. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú yàrá tó há lè má dìde mọ́.

Bàbá kan ládùúgbò gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kúkú gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ilé adìẹ, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n lọ sùn. Mo bẹ yín, ẹ má dán an wò. Èéfín tó máa pa adìẹ yẹn ló ń pa ìdílé odindi mọ́jú l'Ékòó. Ẹni tó bá wọlé lọ kó òkú láàárọ̀ ló máa kàn.

Kí ẹ tó di àpò, ẹ rí i dájú pé ó ti kú: kò mí, ojú ò ṣẹ́, ọrùn ti rọ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba.

Òkú

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Adìẹ ẹlẹ́yin kan tó dàgbà máa ń tó kílò kan àti díẹ̀, tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì. 640 lọ́nà kílò 1.8 jẹ́ kílò 1,152. Ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ, nínú ooru, tí ó ti ń wú láti ọ̀sán. Èmi rò pé kòtò kékeré kan ló máa gbà. Mo gba ọmọkùnrin méjì tó ní dígà àti ṣọ́bìrì, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ilẹ̀, níbi tí ojú ò ti ní máa rí i. Wọn ò tíì gbẹ́ dé fíìtì márùn-ún tí omi fi sun jáde. Ẹ̀yìn ilẹ̀ náà dà sí odò kékeré kan, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò kàn ronú kàn án ni.

Ilẹ̀ ṣú. A kó àpò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nínú ọ̀rá dúdú tín-ín-rín tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí. Ajá àdúgbò ya mẹ́rin nínú ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òwúrọ̀, a rí ìyẹ́ adìẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé kéú. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tí mo sanwó fún láti ṣọ́ àpò ti gbé mẹ́ta lọ jù sínú kánáàlì, ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Omi kánáàlì yẹn ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ apá ìsàlẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá ibi ìsìnkú kí àrùn tó dé. Ẹ gbẹ́ ihò ìdánwò ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ wo ibi tí omi dúró sí. Ìsàlẹ̀ kòtò gbọ́dọ̀ fi mítà kan ga ju omi yẹn lọ ó kéré tán. Erùpẹ̀ tó máa bo òkú náà gbọ́dọ̀ tó mítà kan. Ẹ rí i pé pẹ̀lú ìṣirò yìí, ẹni tó wà ní Ajégúnlẹ̀, ní Bàrígà tàbí létí Mákòókó ò ní ilẹ̀ tó lè sin adìẹ sí, kó má tan ara ẹ̀. Ẹ jìnnà sí kànga àti bóòhù, ti yín àti ti aládùúgbò: mítà 30 ni mo máa pè ní ìwọ̀n tó kéré jù, ilẹ̀ oníyanrìn sì gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ènìyàn kankan má wọ inú kòtò tó ti jìn ju àyà ẹ̀ lọ, ilẹ̀ wa máa ń ya lulẹ̀ láìsọ fúnni.

Ẹ má lo ọ̀rá tín-ín-rín. Àpò fíìdì tí ẹ fi ọ̀rá tẹ́ nínú ló dáa láti gbé e dé kòtò, ẹ má kún un ju ìdajì lọ. Ẹ fi omi apakòkòrò wọ́n ẹ̀yìn àpò kó tó kúrò nílẹ̀. Tí ẹ bá dé kòtò, ẹ tú òkú kúrò nínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rá kì í jẹ́ kó jẹrà. Láìmù náà, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ ni mò ń wí o, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri ni, gbogbo ènìyàn máa ní kí ẹ dà á lé òkú lórí gan-an. Ó ń fa jíjẹrà sẹ́yìn tó bá pọ̀, ó sì ń jó ojú àti awọ. Òṣìṣẹ́ tó wá sílé wa ní kí á bo òkú pẹ̀lú erùpẹ̀ ná, kí á wọ́n láìmù díẹ̀ sórí erùpẹ̀ yẹn, kí á tó dá ìyókù padà. Òórùn òkú ló ń fa ajá wá, láìmù ń lé wọn.

Ẹ má gún erùpẹ̀ náà mọ́lẹ̀ pinpin. Ẹ jẹ́ kó gogo bí ebè, torí ó máa rì, afẹ́fẹ́ inú òkú sì máa fẹ́ jáde. Bí ẹ bá rò pé mò ń ṣàsọdùn, ẹ gbọ́ ti Denmark. Ní oṣù Kọkànlá 2020, nítorí kòrónà, wọ́n pa gbogbo ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní mink, tí wọ́n ń fi awọ rẹ̀ rán kóòtù, mílíọ̀nù 15 ó kéré tán. Wọ́n sin ọ̀pọ̀ sí ilẹ̀ yanrìn. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ inú òkú fi tì wọ́n jáde sókè ilẹ̀ padà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń bẹ̀rù omi mímu wọn. Ní 2021, wọ́n tún hú wọn, wọ́n lọ sun wọ́n. Ìlú tó ní katapílà àti owó nìyẹn.

Sísun ńkọ́? Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ láàárín ilé. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran, igi tó máa jẹ́ kó di eérú pọ̀ gan-an, èyí tí wọ́n bá sun ní àbọ̀ sì ń dúró bí ẹbọ. Iná máa ń fẹ́ ìyẹ́ sókè kó tó jó o, ìyẹ́ yẹn á lọ bà sí àgbàlá ẹlòmíràn. Ẹ má fi táyà sí i, èéfín ẹ̀ burú. Bẹntiróòlù ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dà á sórí àpò méjì àkọ́kọ́, ó yísẹ̀ padà láti wá ìṣáná. Atẹ́gùn bẹntiróòlù náà ti tẹ́ ilẹ̀ káàkiri ẹsẹ̀ ẹ̀. Irun ojú ẹ̀ ló bá a lọ, ọpẹ́ ni pé ojú fúnra ẹ̀ ṣẹ́kù. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní kí ẹ sun ún, àwọn ni kó darí ẹ̀, pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì, níbi tó jìnnà sí wáyà iná.

Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù ni kíkó o jẹrà nínú sọ́dọ́sì. Ìyẹ̀fun pákó ò wọ́n l'Ékòó. Àwọn agépákó ń wá ẹni tó máa kó o ni. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle inú ilé adìẹ fúnra ẹ̀, kó ga tó rúlà kan. Ẹ to òkú ní ìpele kan ṣoṣo, kí ọ̀kan má gun èkejì, ẹ fi sọ́dọ́sì àti ìgbẹ́ inú ilé náà bò wọ́n, ẹ tún to òmíràn, kí òkè pátápátá sì tún ga tó rúlà kan. Kó tutù bí aṣọ tí wọ́n fún omi ẹ̀. Bó bá wà bó ṣe yẹ, inú ẹ̀ máa gbóná ju ìwọ̀n 55 lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ooru yẹn ló ń pa kòkòrò. Ẹ ra tẹmómítà onírin gígùn, ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Tí omi bá ń sun nísàlẹ̀ ẹ̀, sọ́dọ́sì ò tó. Ẹ má yí i padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ wò ó. Láti 2016 ni mo ti ń fi òkú adìẹ ojoojúmọ́ mi ṣe é, kì í rùn bí ẹ ṣe rò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù fulúù, dókítà ẹran ló gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó ṣe é, òun náà ló sì máa sọ ìgbà tí ẹ lè tú u.

Dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí iwájú ilé, mọ́tò PSP tó ń kó ìdọ̀tí, ààtàn ńlá Olúṣosùn: rárá. Àwọn ènìyàn wà lórí ààtàn yẹn tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán ṣà nǹkan jẹun.

Fífọ̀

Ẹ gbá gbogbo ìdọ̀tí kúrò ná, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da apakòkòrò sí i. Jik tí ẹ bá dà sórí ìgbẹ́ adìẹ, ẹ fi owó ṣòfò. Ẹ má pò ó mọ́ Izal tàbí ásíìdì tí ẹ fi ń fọ ṣáláńgá, gáàsì tó máa jáde tó bá pàdé ásíìdì lè pa yín. Ẹ jẹ́ kí ilé ṣófo fún ọjọ́ 21 ó kéré tán. Tèmi ṣófo fún oṣù márùn-ún, nítorí owó.

Ara yín

Fún ọjọ́ 10 lẹ́yìn ìgbà tí ẹ fọwọ́ kan adìẹ kẹ́yìn, ẹ máa wọn ìgbóná ara yín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ibà, ikọ́, ọ̀fun dídùn, ojú pípọ́n: ẹ má lọ ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́mísítì. Ẹ lọ sí ọsibítù, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín sì jẹ́ pé adìẹ yín kú. Oògùn ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kíá ló dáa kí wọ́n lò ó. Ní oṣù Kìíní 2007, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan kú l'Ékòó yìí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn yìí pa ní Nàìjíríà. Ní ọdún yẹn, mi ò tíì ní adìẹ kan, mo sì gbọ́ ọ lórí rédíò bí ẹni gbọ́ ti ìlú òkèèrè.

Tó bá jẹ́ màlúù tàbí àgbò

Adìẹ ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń so àgbò mọ́lẹ̀ de Iléyá, ẹ gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yìí. Ẹran tó bá dédé ṣubú kú, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì ń jáde ní imú, ẹnu tàbí ìdí ẹ̀, ẹ má là á, ẹ má bó awọ ẹ̀ fún pọ̀nmọ́, ẹ má sì wọ́ ọ nílẹ̀. Ó lè jẹ́ anthrax, àrùn burúkú kan tó ń ti ara ẹran ran ènìyàn, irú èyí tí wọ́n rí ní apá Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù Keje 2023. Inú òkú tí wọn ò là, kòkòrò náà ń kú. Tí atẹ́gùn bá kàn án, á sé ara ẹ̀ mọ́ inú èèpo líle, á sì wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹ bò ó, ẹ lé ajá, ẹ pe dókítà ẹran.

Ìwé gbèsè

Kòtò kejì tí a gbẹ́, apá òkè ilẹ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Kó tó di pé mo bọ́ ófáróòlù lọ́jọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ kan ní kí n fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ 52 sí kànga, ìṣísẹ̀ 18 sí géètì, ìṣísẹ̀ 9 sí igi máńgòrò. Mo rò pé ó ń yọ mí lẹ́nu ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà ẹyin.

Ní 2021, bàbá onílẹ̀ kó àwọn agbẹ́bóòhù wá. Wọ́n ti gé igi máńgòrò náà kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, ebè ti tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko ti bò ó, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń to irin wọn sí. Mo sáré wọlé lọ wá ìwé gbèsè. A wọ̀n ọ́n láti géètì àti láti kànga, èmi àti bàbá. Wọ́n tú irin wọn, wọ́n kó o lọ sí apá kejì.